Nígbà Tí Fóònù Ṣọ́ọ̀bù Sọ Màmá Wa Di Odi

Àdìrẹ là ń tà ní Accra. Àwa ọmọ la wà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Màmá wa ló mọ aró tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó máa ń ṣí, àwọn náà ló mọ iye tí a lè dín lára owó aṣọ ẹbí. Nígbà tí Màmá padà sí Abẹ́òkúta kí wọ́n lè máa fúnra wọn ra ọjà ní Ìtòkú, a so fóònù ọwọ́ wọn mọ́ ẹ̀rọ fóònù ṣọ́ọ̀bù nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà á pe nọ́ńbà wa láti Tema tàbí Kumasi, owó ìpè abẹ́lé ni yóò san, á tẹ 3, fóònù Màmá á sì dún ní Abẹ́òkúta.

Ó ń lọ dáadáa títí tí wọ́n fi wá pààrọ̀ ráútà ṣọ́ọ̀bù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Màmá fi pè wá pẹ̀lú ìbínú: "Kí ló dé tí àwọn èèyàn ń pè mí, tí mo ń dá wọn lóhùn, tí wọ́n ń ṣe bíi pé odi ni mí?" Wọ́n ń gbọ́ oníbàárà, oníbàárà kò gbọ́ wọn. Bó bá sì ti tó bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ìpè á já. Obìnrin kan tó fẹ́ ra aṣọ ìsìnkú fún odindi ẹbí rò pé Màmá ń fojú di òun ni, ló bá ra ọjà rẹ̀ níbòmíràn. Ní Gánà bíi ti ọ̀dọ̀ wa, kí èèyàn kíni kéèyàn dákẹ́, ìwọ̀sí ni.

A kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohunkóhun. Ibi tí àìsàn náà wà la wá. A fi fóònù kan nínú ṣọ́ọ̀bù pe èkejì: ohùn já geere. A pe nọ́ńbà wa láti ìta, a gbé e nínú ṣọ́ọ̀bù: kò sí wàhálà. A ní kí Màmá kúrò lórí Wi-Fi ilé, kí wọ́n lo dátà: ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ìgbà yẹn la mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ni ká yẹ̀ wò.

Ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà ló là á yé wa. Ọ̀nà méjì ni irú ìpè yìí ń gbà. Ọ̀nà kìíní ló ń sọ pé "ẹnì kan ń pè ọ́". Ojúlé 5060 ló sábà máa ń gbà. Ọ̀nà kejì ló ń gbé ohùn, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ojúlé rẹ̀ wà láàárín 10000 sí 20000. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi lè dún kí ohùn má kọjá. Ráútà tuntun náà ti ojúlé ohùn. Lẹ́yìn náà, àdírẹ́sì inú ṣọ́ọ̀bù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ni fóònù Màmá ń rí gbà pé kó fi ohùn ránṣẹ́ sí. Àfi bí ẹni sọ fún ará Abẹ́òkúta pé "yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún ni mo wà" láì dárúkọ ìlú.

A kọ àdírẹ́sì ìta sínú ẹ̀rọ, a ṣí ojúlé ohùn, a sì pa ètò tí wọ́n ń pè ní SIP ALG nínú ráútà. Wọ́n ṣe é láti ran ìpè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń da àdírẹ́sì rú. Ìpè tó ń já náà ní ìtumọ̀: bí ẹ̀rọ kan bá ń retí "mo ti gbọ́" láti ọ̀dọ̀ èkejì tí kò rí i gbà, á dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá 32, á sì pa ìpè náà.

Ó ku fóònù Màmá. Ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò máa ń pa áàpù ìpè. A yọ áàpù náà kúrò lábẹ́ rẹ̀. A sì rántí pé aago Abẹ́òkúta fi wákàtí kan ṣáájú ti Accra. Agogo mẹ́fà tí a ń ti ṣọ́ọ̀bù, agogo méje alẹ́ ni lọ́dọ̀ Màmá.

Ẹ má ṣí ojúlé sílẹ̀ kí ẹ lọ sùn o. Àwọn olè ń wá ẹ̀rọ fóònù tó ṣí sílẹ̀ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè fi pe òkè òkun lórí gbèsè ẹlòmíràn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn sí i, kí ẹ sì ti ìpè òkè òkun tí ẹ kò nílò pa.

Àìsàn kan sì wà tí kì í ṣe ti ráútà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ tàbí kó falẹ̀ ní Gánà, Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tú ráútà rẹ̀ palẹ̀ kàn ń dá ara rẹ̀ lágara ni. Ẹ darí ìpè sí nọ́ńbà fóònù lásán. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn á kọjá.

A ti lẹ ìbéèrè márùn-ún mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ṣé iná wà, tàbí dumsor ti dé? Ṣé àwọn aládùúgbò ní íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé fóònù inú ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́ ara wọn? Ta ni kò gbọ́ ta ni? Lẹ́yìn ìgbà wo ni ìpè ń já? Ẹni tó bá dáhùn wọn kó tó pe oníṣẹ́, owó rẹ̀ kì í ṣòfò.

Ẹ̀rọ náà tún ń tọ́jú nọ́ńbà gbogbo ẹni tó pè. Màmá fúnra wọn pe gbogbo wọn padà, wọ́n ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin aṣọ ìsìnkú náà kò tíì ra nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti ń kí Màmá.