Ọ̀nà Tí Ẹsẹ̀ Kò Bá Tẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ti bi mí títí pé kí ló dé tí mo máa ń lọ rìn lórí òkè nígbà tí kò sí ẹni tó ń lé mi. Mo ní kí n kúkú kọ ohun tí ọjọ́ kan lórí òkè kọ́ mi, nítorí ó kan ilé ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Springer, níhìn-ín ní Georgia, ó gba Tennessee àti North Carolina kọjá. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 290 máìlì. Benton MacKaye Trail ni wọ́n ń pè é. Benton MacKaye ni ọkùnrin tó dá a lábàá ní ọdún 1921 pé kí a la ọ̀nà gba orí àwọn òkè Appalachia. Ọ̀nà yẹn parí ní 1937, òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Appalachian Trail. Èyí tí wọ́n fi orúkọ òun fúnra rẹ̀ pè kò parí títí di 2005. Orí òkè Springer kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ti àkọ́kọ́, èrò ń wọ́ níbẹ̀ bí ọjà. Ti èkejì, o lè rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí o má rí ẹnì kan.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, mo lọ rin apá tó gba inú igbó Cohutta, láti Dally Gap dé orí òkè Big Frog. Èmi nìkan ni. Mo fi ìwé sílẹ̀ fún ìyá àwọn ọmọ, mo kọ ibi tí mo máa gbà síbẹ̀, àti ìgbà tí kí wọ́n máa retí mi. Mo mú máàpù, kọ́ńpáàsì, oúnjẹ àti omi lítà mẹ́ta.

Òwúrọ̀ rọrùn, ọ̀nà fẹ̀. Bí mo ṣe kọjá Hemp Top báyìí ni igbó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀nà dé. Ẹ̀gún blackberry ga dé èjìká mi, ó fa aṣọ ya, ó fa apá ya. Máìlì kan péré gba wákàtí méjì lọ́wọ́ mi. N kò rí ibi tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ejò olóró wà ní igbó yẹn, nítorí náà mo ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀. Mo sì ń kọrin sókè, kí béárì lè gbọ́ pé ènìyàn ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ orin mi rí, ẹ mọ̀ pé béárì á sá.

Kí ló sọ ọ̀nà di bẹ́ẹ̀? Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1964 kò gbà kí a gbé ẹ̀rọ wọ irú igbó bẹ́ẹ̀. Bí igi bá wó dí ọ̀nà, àáké ni, àti ayùn gígùn tí ènìyàn méjì ń fà, irú èyí tí àwọn lagilagi ń lò nílé láyé àtijọ́. Ní 2016, mànàmáná dá iná sílẹ̀ ní Cohutta, iná náà jó ilẹ̀ tó lé ní 27,000 éékà. Níbi tí igi ńlá bá sì ti kú, oòrùn á dé ilẹ̀, ẹ̀gún á hù. Kòkòrò kékeré kan tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà pẹ̀lú ti pa ọ̀pọ̀ igi hemlock lórí àwọn òkè wọ̀nyí, wọ́n sì ń wó lu ọ̀nà. Àwọn tó ń tún ọ̀nà náà ṣe, púpọ̀ nínú wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọwọ́ wọn kò lè ká a tán.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo dé ibi tí igi ńlá mẹ́ta wó lé ara wọn. Mo yí wọn po. Nígbà tí mo dé òdì kejì, kò sí ọ̀nà mọ́. Igbó ni níwájú, igbó ni lẹ́yìn. Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bi? Omi tó kù lọ́wọ́ mi kò pé lítà kan. Àyà mi ń lù kìkìkì. Mo gbàdúrà, kì í ṣe àdúrà gígùn: "Baba, fi ọ̀nà hàn mí o." Mo padà sí ibi tí ọ̀nà ti dá mi lójú kẹ́yìn, mo jókòó, mo ń fi ojú wá a díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Láàárín ẹ̀gún, ìtì igi kan wà nílẹ̀ tó ti ń jẹrà. Àwọn kan ti fi ayùn gé àárín rẹ̀ kúrò, àlàfo náà tó ẹnì kan gbà kọjá. Ojú ibi tí wọ́n gé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìjì kì í gé igi báyẹn, ọwọ́ ènìyàn ni. Mo gba ibẹ̀, mo rí òmíràn níwájú, mo tún rí òmíràn. Àwọn tó gé wọn ni mo wá ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ n kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Bí mo ṣe dé Double Spring Gap nìyẹn, ní ààlà Georgia àti Tennessee. Mo bu omi, mo mu àmuyó. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó dé orí Big Frog, tó ga ju 4,200 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Oorun gbé mi lọ kí n tó ṣe àmín.

Ó dáa, kí ló kan ilé ẹ̀kọ́ wa níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kíláàsì Bíbélì Yorùbá ti dín kù. Ọmọ mẹ́fà ló ń wá, lọ́jọ́ mìíràn mẹ́rin. Àwọn kan ti ń sọ pé kí a pa á pọ̀ mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn ọmọ ò gbọ́, pé ta ló ráyè? N kò bá wọn jà, mo mọ bí iṣẹ́ òru ṣe ń rẹni. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí ọ̀nà ṣe ń kú. Kò sí ẹni tó dìde pa á. Ẹsẹ̀ ló dín kù lórí rẹ̀, ni ẹ̀gún bá hù.

Ọmọ tó ka Sáàmù lónìí ní èdè ìyá rẹ̀ àgbà lè má tíì mọ ìwúlò rẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò wà níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bi. Bó bá rí ibi tí àwọn kan ti gé igi lọ́jọ́ náà, yóò mọ̀ pé ènìyàn ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Wòlíì Jeremáyà rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí láti béèrè ọ̀nà àtijọ́. Àwa náà ní láti ṣọ́ra kí igbó má bo tiwa kí àwọn ọmọ tó béèrè rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn ọmọ wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹ̀yin òbí bá sì lè jókòó tì wọ́n, ẹ jókòó. Ayùn tí mo sọ yẹn, ènìyàn méjì ló ń fà á. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́.