Ọ̀pọ̀tọ́ Tó Pọ́n Minimini

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò lọ́tẹ̀ yìí. Kòtò náà kò sì tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ: fílítà ọ́ìlì alùpùpù ni.

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà tó ń fi ọ̀kadà jẹun ní Súrùlérè, l'Ékòó. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Súrùlérè sì wà nínú wọn. Àbúrò mi kó ẹrù, òun, ìyàwó àti ọmọ ọwọ́, wọ́n wá bá mi n'Íbàdàn. Kò pẹ́ tó fi rí alùpùpù gbà lọ́wọ́ alhájì kan. Àdéhùn wọn ni pé yóò máa san owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá san án tán, alùpùpù di tirẹ̀. Bó bá sì kùnà, alhájì á gba nǹkan rẹ̀, kò sì ní í dá kọ́bọ̀ padà.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, èmi ni mo sìn ín lọ sọ́jà. Ẹni tó ń ta páàtì gbé fílítà méjì síwájú wa. Owó ọ̀kan kò ju ìdá mẹ́ta owó èkejì lọ. Àbúrò mi nawọ́ sí èyí tó wọ́n. Mo gbá a lọ́wọ́.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣebí bébà ló wà nínú méjèèjì? Bébà ni bébà ń jẹ́!"

Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ o! Èmi tí mo ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn fún ogún ọdún, tó yẹ kí n ti mọ̀ tipẹ́ pé bébà ju bébà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé," ló wí. La bá ra èyí tí owó rẹ̀ kéré. Páálí rẹ̀ ń dán gbinrin, àwòrán tó wà lára rẹ̀ tiẹ̀ dára ju ti èkejì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé tí mo rí àbúrò mi tó ń ti alùpùpù bọ̀ nínú òjò. Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Ó ní òun kọ́kọ́ gbọ́ tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́, lẹ́yìn náà ló dákẹ́ pátápátá.

A tì í lọ sọ́dọ̀ Bàbá mẹkáníìkì àdúgbò wa. Nígbà tó tú ẹ́ńjìnì náà, káàmù ti jẹ bí ẹni pé wọ́n fi fáìlì rẹ́ ẹ, bẹ́ríìnì kíráńkì sì ti ń mì. Bàbá kò bá wa jà. Ó fa fílítà náà yọ, ó wò ó, ó sì wá àlòkù ojúlówó kan nínú agolo rẹ̀, èyí tó yọ lára alùpùpù irú kan náà. Ó tò wọ́n sórí pákó.

"Akọ̀wé, súnmọ́ ibí. Èwo ló dára jù?"

Mo wò wọ́n. Gíga wọn dọ́gba, ihò àárín wọn dọ́gba. Mi ò rí ìyàtọ̀. Bàbá bá mú réésà, ó la àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ lojú mi ti là.

Bébà ti ojúlówó ṣẹ́ po lẹ́sẹẹsẹ, ó gún régé bíi síkẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Tiwa ṣẹ́ ségesège. Ibì kan fún pọ̀, ibì kan là gbàrà. Mo kà wọ́n: ìṣẹ́po ti ojúlówó lé ní àádọ́ta, tiwa kò pé ogójì. Bí ìṣẹ́po bá kéré, tí kò sì jìn, àyè tí ọ́ìlì máa gbà kọjá kò tó nìyẹn, ìdọ̀tí á sì tètè dí i.

Bàbá ní kí n fọwọ́ kan bébà náà. Ti ojúlówó ṣì le, nítorí wọ́n ti rẹ ẹ́ nínú oje kan tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gbígbóná mú un rọ̀. Tiwa ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bíi bébà tí wọ́n fi pọ́n àkàrà. Irin oníhò tó yẹ kó gbé e ró láàárín ti tẹ̀ wọnú. Èyí tó wá burú jù ni ti gọ́ọ̀mù. Ó yẹ kí gọ́ọ̀mù yí etí bébà náà ká lókè àti nísàlẹ̀, kí ọ́ìlì má baà rí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Lára tiwa, wọ́n kàn tọ́ ọ síbẹ̀ ní tótòtó ni. Ó ti ṣí, bébà sì ti ya. Ègé rẹ̀ ni Bàbá fi abẹ́rẹ́ fà yọ nínú ihò tí ọ́ìlì ń gbà lọ sókè.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ìyá wa ti ń sẹ́ ògì rí? Bí ojú aṣọ asẹ́ bá fẹ̀ jù, eèrí á bá ògì lọ. Bó bá há jù, omi kò ní í kán. Bí aṣọ bá sì ya, ìyá ti ṣe wàhálà lásán. Iṣẹ́ fílítà kò yàtọ̀ sí èyí. Ó ní láti gba èérún tí kò tó ìdajì ìbú irun orí ẹni kan ṣoṣo, síbẹ̀ kó jẹ́ kí ọ́ìlì máa kọjá. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, fáàfù kékeré kan wà tó ń ṣí bí fílítà bá dí, nítorí ọ́ìlì onídọ̀tí ṣì sàn ju àìsí ọ́ìlì lọ. Iṣẹ́ pọ̀ fún fílítà alùpùpù, torí pé ọ́ìlì kan náà ló sábà ń wà fún písítìnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ara wọn họ, inú ọ́ìlì yẹn ló ń bọ́ sí.

Mo rántí Honda CG 125 tí bàbá mi ń gùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976. Kò ní fílítà oníbébà. Asẹ́ wáyà ló ní, tí wọ́n ń fi bẹtiróòlù fọ̀ tí wọ́n ń dá padà, àti ife kan tó ń bá kíráńkì yí, tó ń gbá ìdọ̀tí mọ́ ara ògiri rẹ̀. Kò sí ayédèrú tí ẹnikẹ́ni máa tà fún bàbá mi lóṣooṣù. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé fílítà kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ pé alhájì fẹ́ gba alùpùpù rẹ̀. Kí ni àbúrò mi sọ fún un? Ó ní òun ni òun jáfara, òun kò pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Kò dárúkọ mi rárá! Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ gbà mí nímọ̀ràn?"

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọ agbádá, mo tọ alhájì lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí n bá tún ẹ́ńjìnì ṣe, àdéhùn wọn ṣì dúró. Jẹnẹrétọ̀ mi ni mo tà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kadà àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, bí ẹ bá fẹ́ ra irú fílítà yìí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí. Ẹ wo ìṣẹ́po rẹ̀ bóyá ó dọ́gba. Ẹ gbé e síwájú oòrùn kí ẹ wo etí tí wọ́n lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbẹ̀, ọ́ìlì náà á yọ níbẹ̀. Ẹ rọra tẹ irin àárín rẹ̀ wò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀wọ́n nìkan, nítorí ayédèrú mọ̀ ọ́n wọ́n. Bí ẹ bá sì yọ àlòkù, ẹ là á wò kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Òun ni yóò sọ bóyá kí ẹ tún ra irú rẹ̀.

Àbúrò mi ti san gbèsè rẹ̀ tán báyìí, alùpùpù ti di tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ ra fílítà. Bí mo bá ní kí n sìn ín, ẹ̀rín ló ń fi mí rín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ máa kọ̀wé yín." Mi ò bá a jiyàn. Ọ̀pọ̀tọ́ tó pọ́n minimini, gbogbo inú rẹ̀ kìkì eèrà. Ẹni tí eèrà ti jẹ lẹ́nu rí kì í wo awọ rẹ̀ mọ́ kó tó là á.