Ẹsẹ̀ Tí Kò Dunni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ tó ń dunni kì í ṣe ọ̀tá. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá fi rọ́, yóò kígbe. A ó jókòó, a ó fi omi yìnyín sí i, a ó gbé e sórí ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.

Àǹtí mi kan, oníṣòwò aṣọ n'Íbàdàn, ní àtọ̀gbẹ, èyí táwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wọn rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀. Àṣé ìṣó ti gún bàtà Àǹtí wọ àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì ti fi rìn káàkiri ọjà. "Háà! Èmi ò mọ nǹkan kan o!"

Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ó máa ń ba iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora jẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ẹsẹ̀ dáadáa mọ́. Egbò kékeré á kẹ̀, ó sì lè di pé kí dókítà gé ẹsẹ̀. Àǹtí tètè dé ọsibítù, orí kó wọn yọ. Síbẹ̀, oṣù 2 ni wọn ò fi lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò lálaalẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá lè tẹ̀ba, ẹ lo dígí. Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má fẹsẹ̀ lásán rìn, àní nínú ilé. Bẹ́ ẹ bá sì rí egbò, ó di ọsibítù. Ẹ má dúró de ìrora. Ó lè má dé.