Píkọ́ọ̀pù Ń Wúkọ́: Ṣé Gbogbo Páàtì Iná La Ó Pààrọ̀ Ni?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan o. Ẹni tó bá ti kó ata sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rí, tí ọkọ̀ náà dákẹ́ sójú ọ̀nà lọ́sàn-án gangan, á mọ̀ pé iná kékeré kan tí ojú kì í rí ló di owó ọjà òun mú. Iná ọ̀hún ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀: ìgbà wo ló yẹ ká pààrọ̀ àwọn páàtì tó ń gbé e, ìgbà wo ló yẹ ká fi wọ́n sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tí mò ń wí ni Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń to Peugeot ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975 ni 504 ti di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa. Wọn ò to 504 mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń rí píkọ́ọ̀pù ẹ̀ tó ń ru iṣu.

Iná 12 fóòtì ló ń jáde láti inú bátìrì. Kọ́ìlì á gbà á, á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Kọ́ńtáàtì ló ń ṣílẹ̀kùn tó ń tìlẹ̀kùn. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí ni iná ńlá á fò jáde. Kọ́ńdẹ́ńsà ni kì í jẹ́ kí kọ́ńtáàtì jóná. Rótọ̀ tó wà lábẹ́ ọmọrí dísítíríbútọ̀ ló ń pín iná náà, bí ìyá tó ń bu oúnjẹ fọ́mọ mẹ́rin: 1, 3, 4, 2. Wáyà á gbé e dé orí púlọ́ọ̀gì, púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí epo, ọkọ̀ á lọ. Bí ọmọ kan ò bá rí oúnjẹ jẹ nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ọkọ̀ á máa mísì, á máa wúkọ́, kò sì ní lè gun òkè. Epo tí kò jó á gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde lọ lásán. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ló lówó epo tó máa dà nù?

Ara àbúrò ìyá mi ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Bọ̀ọ̀dá mi yìí ní píkọ́ọ̀pù 504 kan tó fi ń kó iṣu àti ata láti Ìsẹ́yìn wá sí Bódìjà n'Íbàdàn, màmá mi sì wà lára àwọn oníbàárà ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mísì. Ó dúró sọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró lẹ́ẹ̀kejì. Màmá mi ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: “Àbúrò mi ni ẹ́ o, ṣùgbọ́n ata ò mọ ẹbí. Tó bá tún dúró sọ́nà lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ̀ ẹlòmíì la máa wọ̀.”

Mẹkáníìkì tí Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ lọ bá kọ ìwé gígùn fún un: púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kọ́ńtáàtì, kọ́ńdẹ́ńsà, ọmọrí, rótọ̀, gbogbo wáyà, àti kọ́ìlì. Ó ní kó pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Owó wà lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ owó WAEC ọmọ ẹ̀ obìnrin ni, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù tí ilé ìwé fi máa pa ìwé orúkọ dé. Tó bá ra páàtì, ọmọ á jókòó sílé ọdún kan. Tí kò bá ra páàtì, oníbàárà á lọ, kí ni wọ́n á wá jẹ?

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, ìbéèrè ò sú mi. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan tó ti dàgbà. Bàbá ní, “Dẹ́rẹ́bà, fọwọ́ mú owó ẹ ná. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú.” Wọ́n bi í bóyá ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ló ń mísì ni àbí ìgbà tó gbóná, bóyá òjò ń dá kún un, bóyá orí òkè nìkan ni. Bọ̀ọ̀dá ní gbogbo ìgbà ni, ṣùgbọ́n ó burú jù láàárọ̀ tí ìrì bá sẹ̀.

Bàbá wá tan ọkọ̀. Wọ́n fi ẹ̀mú tí rọ́bà wà lọ́wọ́ ẹ̀ fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá fa ti 1, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà. Ti 2 àti ti 4, bákan náà. Wọ́n fa ti 3, ohùn ò yí rárá. Ọ̀lẹ tí à ń wá nìyẹn! Wọ́n pa ọkọ̀, wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta rí bí èèpo ẹ̀pà gbígbẹ, ti 3 dúdú bí ìdí ìkòkò, epo sì rin ín. Èmi rò pé púlọ́ọ̀gì náà la máa rà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé púlọ́ọ̀gì ibi 3 sí ibi 1, wọ́n gbé ti 1 sí ibi 3, wọ́n tan ọkọ̀. Ibi 3 yẹn náà ni kò ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ púlọ́ọ̀gì kọ́ nìyẹn. Wọ́n fi wáyà ọkọ̀ mìíràn dán an wò, kò yí padà. Wọ́n wá ṣí ọmọrí dísítíríbútọ̀. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí ìlà pẹ́ńsùlù, wà nínú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu 3. Ọmọrí ti là, iná ń gba ibẹ̀ sá lọ. Wọ́n yá ọmọrí ọkọ̀ mìíràn, wọ́n fi dé e, ẹ́ńjìnnì sì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ìyá arúgbó tó ń fàdúrà jí.

Bọ̀ọ̀dá ra ọmọrí àti rótọ̀, torí àwọn méjèèjì ló ń kojú ara wọn, wọ́n sì jọ ń gbó ni. Bàbá fi sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ojú kọ́ńtáàtì, wọ́n tún àlàfo ẹ̀ ṣe sí mìlímítà 0.4, ti púlọ́ọ̀gì sí 0.6. Wọ́n ní, “Kọ́ńtáàtì yìí ti ní ihò lójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin ni mo fún un, má jẹ̀ ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀.” Bọ̀ọ̀dá san owó WAEC lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ra kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà pa pọ̀, kí tàtijọ́ tó kú sọ́nà. Kọ́ìlì tí wọ́n ní kó jù nù, òun ló ṣì wà nínú ọkọ̀ di òní.

Mi ò sọ pé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ purọ́ o. Ẹni tó bá ti tún ọkọ̀ ṣe, tí dẹ́rẹ́bà padà wá bú u lọ́jọ́ kẹta, á fẹ́ pààrọ̀ gbogbo nǹkan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra páàtì láìwádìí, ó lè fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá.

Ohun tí mo wá kó jọ rèé. Púlọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló ń jẹ wọ́n, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yọ wọ́n wò ní kìlómítà 5,000. Púlọ́ọ̀gì tí kì í ṣe olówó ńlá, ẹ múra àtipààrọ̀ ẹ̀ láti 10,000 lọ sókè. Bí aago kìlómítà yín bá ti kú, ẹ ṣírò ẹ̀: ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, á pé 10,000 láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà.

Tí gbogbo púlọ́ọ̀gì bá dúdú, ó lè jẹ́ pé epo ti pọ̀ jù tàbí pé iná kò lágbára. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ló rin wọ́n, ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì tuntun ò lè wo ìyẹn sàn. Tí wọ́n bá funfun bí eérú, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bóyá wáyà ti là, ẹ tan ọkọ̀ lálẹ́ nínú òkùnkùn, kẹ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ẹ ó rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń fò lára ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Kọ́ìlì tó ń kú sábà máa ń dákẹ́ tó bá gbóná, á sì tún jí tó bá tutù. Tọ́kọ̀ ò bá fẹ́ tan lẹ́yìn òjò, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ nu inú ọmọrí àti wáyà.

Kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà kan, ẹ máa gbé e pamọ́ sínú ọkọ̀. Owó wọn kéré, àmọ́ ìdádúró wọn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ ra páàtì, ẹ mú ògbólógbòó dání kẹ́ ẹ fi wé e, torí ayédèrú pọ̀.

Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé ò ní kọ́ńtáàtì. Púlọ́ọ̀gì àwọn kan nínú wọn lè lo 100,000 kìlómítà. Ẹ má fa wáyà tiwọn yọ bí mo ṣe sọ yẹn, ẹ lè ba nǹkan olówó iyebíye jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ó ku tiyín. Màmá mi máa ń sọ pé, “Owó ọkọ̀ la san, a ò san owó àtúnṣe.” Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n tá a bá ná owó ọkọ̀ wálẹ̀ títí, ibi púlọ́ọ̀gì ni dẹ́rẹ́bà á ti yọ ọ́. Ẹ san owó tó tọ́, kẹ́ ẹ sì bi í kẹ́ ẹ tó kẹ́rù sókè: “Ìgbà wo lẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò kẹ́yìn?” Tí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà àti mẹkáníìkì tẹ́ ẹ ní ọgbọ́n tó ju èyí lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Àyè yín ń bẹ lójú ìwé àwọn òǹkàwé.