Adakplamè: Igi Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti wà lójú ọ̀nà. Láti Àjàṣẹ́ ni a ti gbéra, àwa olùkọ́ àti òbí mélòó kan, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kó lẹ́yìn. A gba Ṣakété kọjá, a gba Pobẹ̀ kọjá, títí a fi gun orí ilẹ̀ gíga Kétu. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a bá fi Yorùbá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, Faransé ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Àwa tí a bí wọn ni a ń fi Faransé pè wọ́n wá jẹun. Nítorí èyí ni a ṣe pinnu láti mú wọn lọ síbi tí ogún wọn wà, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Kétu ni a kọ́kọ́ yà sí. A mú wọn dé Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ tí ó ní ilẹ̀kùn onígi ńlá. A sọ fún wọn bí Ọba Ẹdẹ ṣe kó àwọn ènìyàn rẹ̀ láti Aró-Kétu wá tẹ ìlú náà dó, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́. Bí ogun Dàhòmì ṣe fọ́ ọ ní ọdún 1886, tí a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú. Àti bí àwọn tí ó ṣẹ́kù ṣe padà wá tún un kọ́ lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Bẹ̀háńzìn. Ọmọkùnrin kan béèrè pé: « Ṣé àwọn tí ó padà wá yẹn ni baba ńlá wa? » A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a forí lé Adakplamè, ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́fà tí ó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Kétu lónìí. Ilẹ̀ pupa ni, oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì. Omi ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ gíga yìí, nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ jìn púpọ̀. Omi òjò ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbà pamọ́ láti ayébáyé. Àwọn tí ń sọ Yorùbá àti àwọn tí ń sọ Fọ̀n àti Màhí jọ ń gbé ní agbègbè náà. Àwọn Ewé tí ó wà ní Tógò àti Gánà pàápàá, Kétu wà nínú ìtàn ìrìn àjò àwọn baba wọn.

Láàárín Adakplamè àti Ewè ni igbó kan wà tí ó jẹ́ ara ìwọ̀nba igbó dídí tí ó ṣẹ́kù ní ìhà gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Igi ọfún, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mansonia altissima, ń bẹ níbẹ̀. Oko dídá àti igi gígé kò jẹ́ kí igbó náà sinmi. Bàbá arúgbó kan ni ó ṣíwájú wa. Ó na ọ̀pá sí igi kan, ó ní: « Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ẹ ń pe eléyìí? » Ọmọbìnrin kan dáhùn pé: « Arbre, Bàbá. » Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: « Igi ni gbogbo wọn. Ṣé ènìyàn ni mo máa ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan yín? » Ó wá mú wọn láti ìdí igi dé ìdí igi: ìrókò, arère, àràbà, ọfún. Ó sọ èyí tí a ń lo èèpo rẹ̀ àti èyí tí a kì í gé.

Nígbà tí a jókòó ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí a kò retí. Nígbà èwe rẹ̀, ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé ní ilé-ìwé, a ó fi ohun kan kọ́ ọ lọ́rùn, « signal » ni wọ́n ń pè é. Yóò wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni yóò jẹ ẹgba. Ó ní: « Nígbà tí èmi náà bímọ, n kò fẹ́ kí ojú ọmọ mi rí i. Faransé nìkan ni mo ní kí wọ́n máa sọ. Nísinsìnyí, bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá wá kí mi láti Kútọ̀nù, ńṣe ni a máa ń wo ara wa. »

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Wéélsì, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a fi pákó kan tí à ń pè ní « Welsh Not » kọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí èdè ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1922, Ifan ab Owen Edwards dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Urdd Gobaith Cymru sílẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa fi èdè wọn ṣeré, kí wọ́n fi kọrin, kí wọ́n sì fi pàgọ́. Lónìí, ètò ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2022 ń kọ́ ọmọ ní « cynefin », ìyẹn ibi tí ènìyàn mọ̀ pé òun ti wá, tí ibẹ̀ sì mọ òun. Iṣẹ́ wọn kò tíì parí: ní ìkànìyàn ọdún 2021, nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ni ó lè sọ èdè náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè kọ́ ọmọ lórin. Ẹnu àgbà àti etí ọmọ ni yóò ṣe é. Ẹ béèrè nígbà tí ẹni tí ẹ óò bi ṣì wà. Ẹ̀yin òbí, ẹ dáhùn ní èdè yín.

Bí a ti ń padà bọ̀, ọmọbìnrin tí ó sọ pé « arbre » tọrọ fóònù lọ́wọ́ wa. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó pè. Ó kólòlò díẹ̀, ó ní: « Ìyá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí ni ẹ ń pe igi iwájú ilé yín? » Ìyá náà sọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.