Oríkì Ẹ̀dá Inú Ẹfun

Nígbà tí mo gba àdìmíṣàn láti kọ́ Yorùbá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàámi bi mí nílé wa ní Eruku: "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" N kò rí èsì fọ̀. Ọdún kẹta rèé, ìbéèrè ọ̀hún ṣì há mi lọ́fun.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ jíọ́lọ́jì fi àwòrán kan hàn mí. Nǹkan róbótó, bí àwo tí wọ́n ṣọnà sí létí. Ó ní inú òkúta ẹfun ni wọ́n ti rí i. Pé ewéko kan tí ojú lásán kò lè rí, tó ń léfòó lójú òkun, ló fi irú àwo bẹ́ẹ̀ bo ara. Coccolith ni wọ́n ń pe àwo náà. Bí ewéko bá kú, àwo á rì. Àìmọye rẹ̀ ló para pọ̀ di òkè funfun Dover nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ní, "Tiwa ní Eruku, àpáta líle ni jàre. Òkun wo?" Ó ní ṣebí mo mọ Ewékorò nípìńlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì? Abẹ́ òkun ló wà ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Mo bi í, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé irú kan jẹ́ tuntun? Ó ní wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ka ìlà ara rẹ̀, wọ́n á sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n á fi ẹyọ kan pamọ́ ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n á wá sọ ọ́ lórúkọ.

Mo fò dìde. "Háà! Oríkì mà nìyẹn!"

Ohun tó wá dùn mí nìyí. Òfin wọn ní láti 1996, Látìnì tàbí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n fi ṣàpèjúwe irú ewéko inú òkúta bẹ́ẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ fúnra rẹ̀ lè ti inú èdè yòówù wá. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n gba orúkọ wa, wọn ò gba àlàyé wa.

Mo mú bírò:

Àwo wẹ́wẹ́, ọmọ olómi iyọ̀,
Ó kéré kéré, ó di òkè;
Ó rì, kò parun.

Nígbà tí a gba ọlidé, mo kà á fún Bàámi. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé àpáta tiwa náà ní irú ẹ̀ nínú?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Wọ́n ní, "Kọ tiẹ̀ náà."