Nígbà Tí A Ń Fi Ẹsẹ̀ Wá Ìtàn

Nígbà tí egungun wa ṣì le, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ìlú gbọ́dọ̀ lè rìn. Láti Avrankou níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, la ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ouando, ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, níbi tí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà. Ọdún 1914 ni àwọn Faransé ti dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó kọ ohun tí ẹ ń wá sórí bébà kékeré, olùtọ́jú ìwé á wọnú lọ, á gbé dìpọ̀ ìwé tí wọ́n fi okùn dì jáde. Eruku rẹ̀ á gba imú yín. Pẹ́ńsù la fi ń dà á kọ, kí yíǹkì má baà kán sórí ìwé àtijọ́, títí ọwọ́ á fi kú. Ẹ lè máa ṣí La Voix du Dahomey, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1927, tàbí Ehuzu, ìwé ìròyìn ìjọba láyé Ààrẹ Kérékou, láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ má rí ju gbólóhùn méjì tó kàn yín lọ.

Ìdajì iṣẹ́ ṣì nìyẹn. Ẹnu àwọn àgbà ni ìdajì kejì wà. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń lọ bá wọn, tòun ti obì. Bí ẹ bá bi bàbá léèrè bí wọ́n ṣe tẹ agbo ilé rẹ̀ dó, òun ló máa kọ́kọ́ bi yín: ọmọ ta ni yín, ilé wo ni ìyá yín ti wá? Á jẹ obì rẹ̀, á ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí ẹ bá fi máa padà, á ti pe ìyá àgbà kan jáde láti inú yàrá, torí ìyá yẹn ló mọ oríkì ilé dájú. Bí ọ̀kan ṣe ń sọ ọ́ ni èkejì á máa tún un ṣe. Ohun tí ẹ bá sì kọ, ẹ gbọ́dọ̀ padà wá kà á sí wọn létí. Ẹni tí kò bá wá kà á, wọn kì í dá a lóhùn mọ́. Mo fẹ́ràn àṣà ká padà wá kà á yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, òun ni mo sì rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Abomey-Calavi ló fi Islam West Africa Collection, àkójọ ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Onímọ̀ ìtàn Frédérick Madore ló ń darí rẹ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ilé ìwádìí Leibniz-Zentrum Moderner Orient ní Berlin, Jámánì. Burkina Faso ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Ní 2023 wọ́n mú un gbòòrò dé Benin, Togo, Niger, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire. Ìwé tó wà níbẹ̀ ju 10,000 lọ, ìwé ìròyìn ló pọ̀ jù. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ń bá wọn ka àwòrán ojú ìwé, ó sì ń ṣa orúkọ èèyàn àti ìlú jáde. Ọmọ náà tẹ Porto-Novo. Kí n tó wo ojú rẹ̀, ìwé ti tò wálẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Ta ni nínú wa tó rí owó ọkọ̀ dé Niamey, ní Niger, nígbà náà?

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà, Faransé ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí a sọ ní Yorùbá àti Ègùn lójúde kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé kan á kọ Adéṣínà ní Adéchina, òmíràn á kọ ọ́ ní Adeshina, ẹ̀rọ lè fi ẹyọ èèyàn kan ṣe méjì. Ibi tí ikán bá sì ti jẹ ìwé, ó lè méfò orúkọ tí kò sí níbẹ̀, kó kọ ọ́ gàdàgbà bí ẹni pé òun rí i. Bàbá tó ń jẹ obì ò ní jẹ́ kí ìyẹn kọjá. Á ní, "Rárá o, Adéṣínà ti ẹ̀gbẹ́ ọjà lẹ ń wí, kì í ṣe ti ìdí ọ̀pẹ."

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ṣe ìwádìí, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ ohun tó bá sọ fún yín sórí bébà, kí ẹ gbé e wá sílé wá kà sí wa létí. Ẹ gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀ bákan náà. Ẹ tètè wá, àwa tó lè dáhùn kò pọ̀ mọ́.